Bíà Tí Ìwé Àṣẹ Mi Gbà Mí Láyè Láti Tà

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. Ọtí ni mo tà jẹun. Mi ò pọn ọ́n, mi ò sì fi bẹ́ẹ̀ mu ún, títà ni mo tà á, láti ìgbà tí irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n mi títí di ìgbà tí èyí tó hù níbẹ̀ fi funfun. Àwọn kan á ní ṣé iṣẹ́ tí àgbàlagbà máa fi yangàn nìyẹn. Mi ò yangàn rárá. Ọpẹ́ ni mò ń dá. Iṣẹ́ tí òfin ń ṣọ́ bí ológbò ṣe ń ṣọ́ ihò eku, tí ènìyàn bá ṣe é dópin tí wọn ò gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yẹ kó dọ̀bálẹ̀ fún Ọlọ́run.

Símáwá ni wọ́n bí mi sí. Oko obì ni bàbá mi ní, ó sì wù ú kí n dúró síbẹ̀, ṣùgbọ́n eèrùn obì bù mí jẹ títí tí mo fi sọ pé ó tó. Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ ọtí kò pẹ́ẹ́ sọ. Àbúrò ìyá mi mọ obìnrin kan tó ń ta bíà ní kíréètì kíréètì ní Ìjòkú, ní Ṣàgámù. Gbogbo ayé ń pè é ní Màmá Ìjòkú. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní kí n gbé kíréètì kan láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ògiri. Mo gbé e. Ó ní kí n máa bọ̀ lọ́la. Ohun tó ń san fún wa kò tó nǹkan, ẹ jẹ́ ká gbójú kúrò níbẹ̀.

Ìkòkò tó máa jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Ìdí tèmi gbóná lọ́dọ̀ Màmá. Obìnrin kúkúrú ni, ohùn rẹ̀ kì í ròkè, ṣùgbọ́n tó bá pe orúkọ rẹ, wàá ti máa bẹ̀bẹ̀ kó tó sọ ohun tí o ṣe. Nígbà yẹn kíréètì onípákó ṣì wà níta. Ó ní ẹ̀gún, ó sì wúwo kódà nígbà tí kò sí ìgò nínú rẹ̀. Orí la fi ń rù ú láti inú ọkọ̀ wọlé. Yìnyín ńlá ńlá la fi ń mú ọtí tutù fún àwọn oníbàárà tó bá ní àlejò. A óò gbé yìnyín náà sínú àpótí, a óò da ìyẹ̀fun pákó bò ó kó má baà tètè yọ́. Ọwọ́ mi á kú títí mi ò fi ní mọ̀ bóyá mo ní ìka.

Kò sí ìgò tó ń wọlé tàbí tó ń jáde tí Màmá kò ní kí a fi ọwọ́ yẹ̀ wò. Ìgò òfìfo tí oníbàárà bá kó wá pààrọ̀, a gbọ́dọ̀ fi ìka yí ẹnu rẹ̀ po, torí èyí tí ẹnu rẹ̀ bá ti kán, ilé iṣẹ́ ọtí kò ní gbà á lọ́wọ́ wa. Èyí tó bá kún, a óò gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ wò bóyá ìdọ̀tí wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà a óò ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Màmá kò lọ sílé ìwé jìnnà, ṣùgbọ́n ó máa ń ní kí n ka ara ìgò sókè sí etí òun bí ẹni ń ka Bíbélì: irú ọtí tó jẹ́, bó ṣe le tó, ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Tí mo bá fo ibì kan, ó mọ̀. Ó máa ní, “Padà sẹ́yìn, o ti sáré ju ọtí náà lọ.”

Ìdí tó fi le bẹ́ẹ̀ ni ìwé àṣẹ tó wà lára ògiri, nínú férémù, lókè ibi tó máa ń jókòó. Òfin ìpínlẹ̀ ló pín iṣẹ́ wa sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìgbìmọ̀ kan lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ló sì ń fọwọ́ sí i lọ́dọọdún. Ẹni tó bá fẹ́ kí ènìyàn jókòó mu ọtí lọ́dọ̀ òun, ìwé àṣẹ tirẹ̀ ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ta ọtí líle, bíi ṣínáàpù àti jíìnì, tirẹ̀ náà ọ̀tọ̀. Ti Màmá ni ti bíà àti wáìnì tí oníbàárà máa rà, tí ó máa gbé lọ sílé rẹ̀ pẹ̀lú ìdérí lórí. Tí ènìyàn bá fi ẹsẹ̀ kan kọjá ibi tí tirẹ̀ dé, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ní rí òmíràn gbà mọ́.

Ní ṣọ́ọ̀bù Màmá, o ò lè rí ohun ìṣígò kankan. Bí o bá mú un wá nínú àpò rẹ, wàá fi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin kan wà tó ti ń bá a ṣiṣẹ́ ṣáájú mi, Rájí lorúkọ rẹ̀, ó lágbára, ó sì ń pani lẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan tí oòrùn mú gidi, ó fi eyín ṣí ìgò mọ́ọ̀tì kan níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó sì gbé e mu. Mọ́ọ̀tì lásán, tí àwọn ìyá ọlọ́mọ ń mu. Màmá jáde, ó bi wá ní ohùn Rẹ́mọ rẹ̀ pé, “Yèsí ló ṣí i?” Rájí fúnra rẹ̀ ló nawọ́ pé òun ni. Màmá ní kó lọ kó ẹrù rẹ̀.

A bẹ̀ ẹ́ títí. Èmi gan-an ló pọ̀ lẹ́nu jù, mo ní, “Màmá, mọ́ọ̀tì mà ni o, kì í ṣe ọtí.” Ó wojú mi. Ó ní, “Ẹni tó ń kọjá lójú títì, ṣé ó máa wá tọ́ ọ wò ni? Ìgò tí wọ́n ṣí ló máa rí. Káyọ̀dé, ohun tí ojú rí ni wọ́n fi ń dájọ́ àwa.” Rájí lọ lóòótọ́. Mo bínú sí obìnrin náà fún ìgbà pípẹ́, mo ní ọkàn rẹ̀ le. Ẹ ò ní pẹ́ rí i pé èmi ni mo kéré lọ́gbọ́n.

Nígbà tí mo ṣe fíríìdọ̀mù, Màmá gbàdúrà fún mi, ó fún mi ní kíréètì díẹ̀ tí mo máa fi bẹ̀rẹ̀, ó ní kí n lọ wá ibi tó jìnnà sí òun, kí a má baà máa du oníbàárà mọ́ ara wa lọ́wọ́. Mo lọ sí Ìkẹ́nnẹ́. Mo rí ṣọ́ọ̀bù kan ní òpópónà tó dákẹ́ rọ́rọ́, tí ọkọ̀ lè wọ̀, tí ọ̀rinrin kò sí lára ògiri rẹ̀. Èmi kò mọ̀ pé àdúgbò àwọn olùkọ́ yunifásítì ni. Ìjọ tó ń pa Sábáàtì mọ́ ló ni yunifásítì náà, ilé wọn sì pọ̀ ní òpópónà yẹn. Wọn kì í mu ọtí, wọn kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, bí oòrùn ọjọ́ Ẹtì bá sì ti wọ̀, o ò ní gbọ́ ìró kankan lágbàlá wọn títí Sátidé fi máa ṣú, àfi orin ìsìn. Mo wá gbé bíà wá sí àárín wọn.

Ẹni tí ilé rẹ̀ kọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi tààrà ni Dókítà Odùlájà, tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ilẹ̀ àti irúgbìn. Ọkùnrin gbọọrọ, tí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í rún. Òfin fún aládùúgbò láyè láti wá sọ tẹnu rẹ̀ kí wọ́n tó fún ènìyàn ní ìwé àṣẹ, Dókítà sì wá. Ó dìde níwájú ìgbìmọ̀, ó ní òun kò fẹ́ kí wọ́n ta ọtí ní òpópónà òun, ó sì sọ ìdí rẹ̀ láì bú mi. Ìgbìmọ̀ rò ó lọ, wọ́n rò ó bọ̀. Wọ́n ní àwọn máa fún mi ní ti bíà àti wáìnì tí wọ́n ń gbé lọ sílé, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni bá mu ọtí ní ṣọ́ọ̀bù náà tàbí ní iwájú rẹ̀, ó parí. Dókítà bọ̀ mí lọ́wọ́ nígbà tí a ń jáde. Ó ní, “Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. N óò máa ṣọ́ yín o.”

Ó sì ṣọ́ mi. Bó bá ń bomi rin òdòdó, ojú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi. Bó bá ń fọ mọ́tò, ojú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi. A máa ń kí ara wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, “Ẹ kú iṣẹ́ o,” “Ẹ ṣeun, Dókítà,” kò sì jùyẹn lọ. Bọ́sẹ̀, ìyàwó mi, sọ ọ́ di àwàdà. Tí mo bá ti ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù, á bèèrè pé báwo ni ọ̀gá ọlọ́pàá mi.

Iṣẹ́ náà wá gbéra. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé iṣẹ́ Ògijo, tí ilé wọn wà lọ́dọ̀ wa, máa ń ra tiwọn lọ́jọ́ ìsinmi. Àwọn tó fẹ́ ṣe ìsọmọlórúkọ, àwọn tó fẹ́ ṣe òkú, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń bọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó máa ń dùn wọ́n ni pé mi ò ta ṣínáàpù. Ẹ sì mọ̀ pé òkú àgbà tàbí ìgbéyàwó ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, ó ṣòro kí ṣínáàpù má wà níbẹ̀. Èmi á ní kí wọ́n máa lọ sọ́dọ̀ ẹni tí òfin gbà láyè, lẹ́bàá títì ńlá. Àwọn kan á lọ tí wọn ò ní padà wá, wọ́n á ra bíà wọn níbẹ̀ náà. Ó máa ń dùn mí, ṣùgbọ́n mo máa ń rántí Màmá, n óò gbé ẹnu mi dákẹ́.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀ràn tó fẹ́ rẹ́yìn mi. Ìgbà tí ọdún ń lọ sópin ni, nígbà tí ọjà wa máa ń yá jù. Bàbá Ṣówándé wá láti abúlé kan lẹ́yìn Símáwá, àgbẹ̀ tó ti dàgbà gan-an, tó mọ bàbá mi dáadáa. Ìyá rẹ̀ ló kú, ìyá arúgbó tó rí ọmọ ọmọ ọmọ. Ilé wọn ṣì di ẹ̀sìn àwọn baba wọn mú, wọn kò sì fi bò. Ó ra kíréètì púpọ̀, ó gbé ọkọ̀ wá, àwọn ọmọ rẹ̀ kó o tán sínú ọkọ̀. Mo ti ń rò pé ó ti parí, ni bàbá bá fa ìgò kan yọ nínú kíréètì tó gbẹ̀yìn.

Ó ní ní ìdílé tàwọn, ọtí òkú kì í kúrò níbi tí wọ́n ti rà á láì jẹ́ pé wọ́n ta ilẹ̀ ibẹ̀ lọ́rẹ. Ẹni tó lọ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ọtí òun ti wá. Tí wọn ò bá ṣe é, òkú náà kò ní gbà á. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é tí ẹ bá délé.” Ó ní ilé kọ́ ni wọ́n ti rà á. Mo ní ṣebí ṣínáàpù ni wọ́n fi ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Ọmọ mi, èyí tí ìjọba bá ní kí o tà, òun náà ni ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà rẹ máa mu.” Kí n tó wí nǹkan kan, ó ti ti inú ṣọ́ọ̀bù jáde sórí kọnkéré iwájú rẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ oko rẹ̀ yọ ìdérí náà. Àgbà ọkùnrin tí ìyá rẹ̀ wà nílẹ̀ tí wọn ò tíì sin, ta ló máa já ìgò gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Mi ò já a.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dà á sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní ẹ̀bá kọnkéré, níbi tí iyẹ̀pẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ó ń pe orúkọ ìyá rẹ̀ àti ti àwọn tó ti lọ ṣáájú rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń ṣe àṣẹ. Orúkọ pọ̀, nǹkan náà sì pẹ́. Bó ṣe gbọn èyí tó kù lẹ́nu ìgò sílẹ̀ tán ni alùpùpù dúró. Òṣìṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ rán láti máa yẹ ṣọ́ọ̀bù wò káàkiri nítorí ọdún ló sọ̀ kalẹ̀. Ó rí ìgò tí wọ́n ṣí, ó rí ìfóòfó lórí iyẹ̀pẹ̀, ó rí ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó dúró yí i ká. Mo ṣàlàyé, bàbá ṣàlàyé. Ọkùnrin náà kò burú, kò jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní iṣẹ́ tí wọ́n rán òun kò sí àlàyé nínú rẹ̀. Ó fi ọ̀dà pupa sàmì sí ilẹ̀kùn mi, ó fi àgádágodo tì í, ó ní kí n wá wí tẹnu mi lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ lẹ́yìn ọdún.

Kó tó lọ, ó wo òdìkejì títì. Dókítà Odùlájà wà níbẹ̀, ó ń gbálẹ̀ ẹnu géètì rẹ̀ kí Sábáàtì tó wọlé. Òṣìṣẹ́ náà bi í bóyá ó rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní kó wá jẹ́rìí. Ó ní òun máa wá. Mo ní ó parí fún mi nìyẹn.

Mi ò lè ṣàpèjúwe àwọn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e fún yín. Ọtí ọdún wà nínú ṣọ́ọ̀bù, mi ò lè fọwọ́ kàn án. Àwọn tó ti bá mi sọ tiwọn sílẹ̀ ń wá, wọ́n ń wo àmì pupa, wọ́n ń mi orí. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn kì í ṣe ọjà yẹn. Ìwé àṣẹ ni. Tí wọ́n bá gbà á, èmi tí mi ò mọ iṣẹ́ mìíràn, tí mo ti fi oko obì sílẹ̀ tí àwọn àbúrò mi sì ti pín in, kí ni mo fẹ́ ṣe? Àwọn ọmọ wà nílé ìwé. Bọ́sẹ̀ kò ṣe àwàdà ọlọ́pàá mọ́. Ó ní kí n lọ bẹ Dókítà. Mo lọ dé ẹnu géètì rẹ̀, mo gbé ọwọ́ sókè láti kànkùn, mo sì sọ ọ́ kalẹ̀. Kí ni n bá ní kó bá mi sọ? Kó ní òun kò rí ohun tí òun rí? Mo yí padà sílé.

Mo lọ bá Màmá Ìjòkú dípò rẹ̀. Ó ti di arúgbó, kò jáde mọ́, ọmọ rẹ̀ ló ń ṣe ṣọ́ọ̀bù. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, mo sì ní, “Màmá, ẹjọ́ Rájí ti wá yé mi.” Mo rò pé á bá mi wí. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní tó bá jẹ́ òun náà, òun ì bá má lè gba ìgò lọ́wọ́ ẹni tí ìyá rẹ̀ kú. Mo sunkún níwájú obìnrin yẹn bí ọmọ ọwọ́, ojú ò sì tì mí.

Ọjọ́ pé. Obìnrin kan ló jẹ́ alága ìgbìmọ̀, awo ojú rẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀ lórí imú. Òṣìṣẹ́ náà sọ ohun tó rí, kò fi kún un, kò yọ kúrò níbẹ̀. Wọ́n bi mí, mo ní òótọ́ ni wọ́n ṣí ìgò náà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò mu ún. Ọkùnrin kan nínú ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí oníṣọ́ọ̀bù tí kì í sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá Ṣówándé dìde láì jẹ́ pé wọ́n pè é. Ó ti gba ọ̀nà jíjìn wá, ó sì sọ ọ́ ní ohùn Rẹ́mọ gidi, pé yèsí ló máa bu ọtí òkú ìyá òun mu kí ilẹ̀ tó mu tán? Ó ní ẹni tó bá dán an wò kò ní délé. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, alága ní kí wọ́n dákẹ́. Ó ní ìgbìmọ̀ bọ̀wọ̀ fún bàbá, ṣùgbọ́n oníbàárà ni, kò lè ṣe kó má gbè sẹ́yìn mi. Ó ní ṣé kò sí ẹlòmíràn.

Wọ́n pe Dókítà Odùlájà. Mo wo ilẹ̀.

Ó ní, “Alága, ẹ mọ̀ pé mi ò fẹ́ ṣọ́ọ̀bù yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Mi ò tíì yí ọkàn padà. Ohun tí bàbá yìí ṣe, mi ò fara mọ́ ọn, kò bá ìgbàgbọ́ mi mu. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí lẹ ní kí n wá sọ. Wọ́n ṣí ìgò kan. Wọ́n dà á sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbé e kan ẹnu.”

Alága ní, “Ṣé ẹ wò ó títí dé òpin ni, Dókítà? Àbí ẹ gbójú kúrò níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀?”

Dókítà wo alága lójú. Ó ní, “Mi ò gbójú kúrò rárá. Mò ń retí kí wọ́n mu ún ni, kí n lè wá fẹjọ́ wọn sùn. Mo dúró síbẹ̀ títí ìgò fi gbẹ. Wọn ò mu ún.”

Alága yọ awo ojú rẹ̀, ó nù ún. Wọ́n ní kí a bọ́ síta. Nígbà tí wọ́n pè wá padà, wọ́n ní òfin sọ pé kí ẹnikẹ́ni má mu ọtí níbẹ̀, ẹ̀rí sì fi hàn pé ẹnikẹ́ni kò mu ún. Wọ́n kìlọ̀ fún mi pé kí irú rẹ̀ má tún wáyé ní iwájú ṣọ́ọ̀bù mọ́, kí olókú máa lọ ṣe é ní ilẹ̀ tirẹ̀. Wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ lọ ṣí ilẹ̀kùn mi. Gbogbo ènìyàn dìde, èmi ṣì jókòó. Bàbá Ṣówándé ló fà mí dìde, bàbá arúgbó fa gìrìpá dìde.

Mo sáré bá Dókítà nídìí mọ́tò rẹ̀. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó dì mí mú. Ó ní kí n má dúpẹ́ lọ́wọ́ òun, torí ká ní ẹnì kan fi ètè kan ìgò yẹn péré, òun ì bá sọ ọ́, n bá sì máa wá iṣẹ́ mìíràn. Mo ní mo mọ̀. Lóòótọ́ ni mo mọ̀, ìdí nìyẹn tí ara fi tù mí tó bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, ojú rẹ̀ tó ń ṣọ́ mi kò tún dẹ́rù bà mí mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ purọ́ mọ́ mi, ẹni tó máa sọ òótọ́ wà ní òdìkejì títì, láìgbowó, láìgbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ náà yí padà níṣojú mi. Kíréètì oníke rọ́pò onípákó, ọrùn wa sinmi. Fíríìjì onígíláàsì dé, ẹ̀rọ amúnáwá dé pẹ̀lú ariwo rẹ̀, tí mo máa ń pa lọ́jọ́ Sábáàtì nítorí àwọn aládùúgbò mi. Agolo dé, a kò ní láti yẹ ẹnu ìgò wò púpọ̀ mọ́. Àwọn ọmọ òde òní ń fi fóònù sanwó, ariwo rẹ̀ á dún kí wọ́n tó gbé ọtí wọn. Òfin náà kò dúró sójú kan. Ọtí líle inú ọ̀rá kékeré gbalẹ̀, gbogbo ẹni tó ní tábìlì ló ń tà á, lẹ́yìn náà ìjọba ní kí wọ́n dá a dúró, wọ́n tún ní kí wọ́n ṣì máa tà á ná, wọ́n tún ní ó tó. Àwọn tó ti kó o jọ ń sáré sókè sódò bí adìẹ tí òjò ká mọ́ ìta. Èmi jókòó. Ìwé àṣẹ mi kò mọ ohun tó ń jẹ́ ọ̀rá.

Èyí tó fẹ́ mú mi ni ọtí eléwé, tí wọ́n ń fi ewé àti egbò sí. Aṣojú kan gbé e wá, ọmọ tó mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ, ìgò rẹ̀ dà bíi ti bíà, kíréètì rẹ̀ dà bíi ti bíà, gbogbo ènìyàn ló sì ń béèrè rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, bíà ni, ẹ ṣáà gbà á.” Mo ní kó dúró kí n kà á. Mo ka ara ìgò náà sókè, ketekete, bí Màmá ṣe kọ́ mi. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n kọ bó ṣe le sí, mo rí i pé ọmọ ìyá ṣínáàpù ni, aṣọ bíà ló wọ̀. Mo ní kó máa gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí òfin gbà láyè. Ó bínú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó padà wá lọ́jọ́ mìíràn pẹ̀lú bíà gidi, a sì jọ ṣòwò pẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi, tí ẹ bá yan irú iṣẹ́ yìí, ẹ má ro pé òfin wà láti fi ìyà jẹ yín. Ó máa ń dùn yín nígbà mìíràn, n kò purọ́. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ tà máa pọ̀ ju èyí tí ẹ lè tà lọ, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín á sì máa tà á kó tó di pé wọ́n mú un. Ẹ mọ ibi tí tiyín dé, kí ẹ jókòó síbẹ̀ dáadáa. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹpọ̀n.

Ìwé àṣẹ ọtí kò ṣeé jogún. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀ ló ni ín, bí ẹni náà bá sì ti ṣíwọ́, ó parí. Àwọn ọmọ mi ti ní iṣẹ́ tiwọn, kò sì wù wọ́n. Nígbà tí eékún mi bẹ̀rẹ̀ sí í ké, mo ta gbogbo ohun tó kù, mo gbá ṣọ́ọ̀bù mọ́, mo yọ ìwé náà nínú férémù. Mo fi ọwọ́ ara mi gbé e lọ fún ìgbìmọ̀. Ọmọbìnrin tó gbà á lọ́wọ́ mi béèrè bóyá wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé e ni. Mo ní rárá o, mo dá a padà ni. Ó ní òun kò rí irú ẹ̀ rí.

Nígbà tí mo padà dé òpópónà wa, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo sì dúró díẹ̀ síwájú rẹ̀. Dókítà Odùlájà wà ní ẹnu géètì rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá, torí òun náà ti fẹ̀yìn tì. Ó rí àgádágodo, ojú rẹ̀ sì le. Ó ké sí mi láti òdìkejì pé, “Ẹ̀gbọ́n, ta ló tì yín pa?”

Mo ní, “Èmi ni, Dókítà. Mo ti ṣe é tán.”

Ó wo ṣọ́ọ̀bù, ó wò mí. Ó ní, “Ta wá ni n óò máa ṣọ́ báyìí?”

Mo tún ṣí ilẹ̀kùn, mo gbé àga méjì jáde sórí kọnkéré. Ó rọra kọjá títì, ó sì wá jókòó.